Ṣírò Ọ̀nà Kí O Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Abẹ́òkúta.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Bàbá rẹ ní físà Amẹ́ríkà rẹ ti jáde, pé oṣù Kejìlá lo máa lọ, àti pé tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Dubai lo fẹ́ rà torí pé owó rẹ̀ fúyẹ́. Mo bá ọ yọ̀. Àmọ́ kí o tó sanwó, jẹ́ kí a jọ ṣírò ọ̀nà náà.

Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé ti John F. Kennedy ní New York, bíi 8,450 kìlómítà ni ní tààrà. Bàálù tí kò dúró lọ́nà ń lo wákàtí bíi 11. Dubai ńkọ́? Ìlà-oòrùn ló wà, ìwọ̀-oòrùn lo sì ń lọ. Èkó sí Dubai, bíi 5,900 kìlómítà, wákàtí 8. Dubai sí New York, bíi 11,000 kìlómítà, wákàtí 14. Ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà nìyẹn, a ò tíì ka àkókò tí o máa fi jókòó de bàálù kejì. Ó dà bí ẹni tó ń ti Abẹ́òkúta lọ Èkó, tó wá kọ́kọ́ gba Ìlọrin. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà kọ́ ló yá. Bí o bá gba London, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 10,500 kìlómítà, wákàtí 14 sí 15 lójú òfurufú.

Má ṣe jẹ́ kí aago orí tíkẹ́ẹ̀tì tàn ọ́. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, Èkó fi wákàtí 6 ṣáájú New York. Bí o bá gbéra ní aago 11 alẹ́, tí o lo wákàtí 11, aago 4 ìdájí ni yóò jẹ́ lọ́hùn-ún. Lójú ìwé, wákàtí 5 péré ni. Ara rẹ ló máa mọ èyí tó kù. Aago New York ni kí o sọ fún ẹni tó máa wá pàdé rẹ.

Bí o bá ń padà bọ̀, ìrìn náà máa ń yá díẹ̀, torí atẹ́gùn òkè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn máa ń ti bàálù lẹ́yìn.

Sun Èkó mọ́jú ọjọ́ ìrìnàjò. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sango lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó kò mọ̀ pé bàálù kì í dúró de èèyàn. Kí o sì ti dé pápákọ̀ ní wákàtí 3 ṣáájú.

Ìmọ̀ràn mi rèé: bí ìyàtọ̀ owó bá kéré, gba tààrà. Bó bá pọ̀, gba London, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá físà rẹ tó láti gba ibẹ̀ kọjá. Orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ìrìn méjèèjì wà, kí ẹrù rẹ má baà di wàhálà. Dubai ni kó gbẹ̀yìn.

Olúwa á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kọ̀wé sí mi kí o tó sanwó.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.