ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́dún Méjì Bọ́ sí Yunifásítì

Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọdún méjì kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò rẹ̀, níbi tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ti fúyẹ́, kí ó sì lọ parí èyí tó kù ní yunifásítì. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú irú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba bẹ́ẹ̀ ni Joliet Junior College ní Illinois, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1901.

Ní California, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 dá oyè sílẹ̀ fún irú ìrìn-àjò yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kó yúníìtì 60 jọ, tó sì gba oyè náà, ti ní àyè ní California State University, bó tilẹ̀ lè má jẹ́ ní ọgbà tó wù ú jù. Yúníìtì 60 mìíràn ni yóò ṣe níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ní mímọ̀

• Kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ni yunifásítì máa ń gbà wọlé. Ní California, yẹ̀ wọ́n wò lórí ASSIST, ìkànnì tó ń fi kọ́ọ̀sì tí yunifásítì ń gbà hàn, kí o tó forúkọ sílẹ̀.

• Ọgbà mẹ́fà ní University of California ló ń ṣe àdéhùn àyè ṣáájú fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Berkeley, Los Angeles àti San Diego kò sí lára wọn.

• Láti sáà àkọ́kọ́ ni kí o ti lọ rí agbaninímọ̀ràn kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ. Kọ́ọ̀sì tí kò wúlò fún oyè rẹ, owó àti àkókò ló ń jẹ.

Ìwé-ẹ̀rí tí yunifásítì yóò fún ọ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.