Bí A Ṣe Ń Tún Ọ̀nà WAAC Fò Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọdún 1946 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ bàálù West African Airways Corporation (WAAC) sílẹ̀ fún ilẹ̀ mẹ́rin tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: Nàìjíríà, Gold Coast (tí à ń pè ní Gánà lónìí), Sierra Leone àti Gáḿbíà. Èkó ni ibùjókòó rẹ̀. Lẹ́yìn tí Gánà gbòmìnira, ó dá iléeṣẹ́ bàálù tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1958, Nàìjíríà náà ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó padà di Nigeria Airways. Iṣẹ́ ńlá ni WAAC ṣe, kò yẹ kó parun lọ́kàn wa. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè tọ ọ̀nà rẹ̀. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ohun tí awakọ̀ ìgbà náà kò ní, ẹ má lò ó.

1. Ẹ mú ọdún kan. Ọdún ló ń sọ irú bàálù tí ẹ máa wà. De Havilland Dove àti Bristol ni wọ́n kọ́kọ́ lò. DC-3 dé lápá ìparí. Ẹ jẹ́ ká mú ìbẹ̀rẹ̀ 1958, nígbà tí DC-3 ti dé.

2. Ẹ wá bàálù. Ètò ìfò orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ FlightGear kò gba kọ́bọ̀, DC-3 sì wà fún un. Ó wà nínú Microsoft Flight Simulator náà. VR-N ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ara rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn òmìnira ni 5N tí Nàìjíríà ń lò lónìí dé.

3. Ẹ tún àwòrán ilẹ̀ wò. Ọdún 1962 ni wọ́n ṣí èbúté Tema, 1990 ni afárá Third Mainland. Bí ẹ kò bá lè yọ wọ́n kúrò, ẹ má fi wọ́n júwe ọ̀nà. Ẹ pa GPS. Máàpù, kọ́ḿpáàsì àti aago ti tó.

4. Ẹ gbéra ní Ìkẹjà. Ìrù DC-3 máa ń wà nílẹ̀, imú rẹ̀ á sì bo iwájú; bí ẹ bá ń rìn lọ sójú ọ̀nà, ẹ máa yí imú sọ́tùn-ún sósì kí ẹ lè ríran. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Imú á fẹ́ yà sósì. Ẹ rọra fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dà. Bí eré bá ti ń pọ̀, ẹ ti ọwọ́ ìdarí síwájú kí ìrù gbéra, ojú ọ̀nà á sì hàn kedere.

5. Ẹ tẹ̀lé etíkun lọ sí Accra. Ó tó 400 kìlómítà, bíi wákàtí kan ààbọ̀. Òkun gbọ́dọ̀ wà lósì yín títí. Àjàṣẹ́ á yọ lọ́tùn-ún, létí ọ̀sà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kútọnu, níbi tí omi ọ̀sà Nokoué ti já sókun. Ẹ kọ aago sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, atẹ́gùn ń dojú kọ yín: ẹ tún àkókò Lòmé àti ẹnu odò Volta ṣírò.

6. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ojú ọjọ́, epo, àti àkókò tí ẹ gbéra àti èyí tí ẹ balẹ̀. Bí ọ̀nà Accra bá ti mọ́ yín lára, ẹ gbéra láti Ìkẹjà lọ sí Kánò, tó tó 830 kìlómítà tí kò sì sí òkun tí ẹ máa tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà Freetown àti Bathurst, tí à ń pè ní Banjul lónìí.