Ibà tó padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ọkọ mi. Ní Índíà, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan lójú itan rẹ̀, wọ́n sì dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún jẹjẹrẹ náà. Ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì lọ. Lẹ́yìn tí a délé, ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibà tún dé, òtútù ń gbọ̀n ọ́n. Kẹ́míìsì fún un lóògùn ibà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì se àgbo wá. Ṣé ká máa lò ó lọ? Ìyá kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Màmá, mo ti fèsì ránṣẹ́ sí yín kí ìwé ìròyìn yìí tó jáde, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi di ọ̀la: ẹ gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn lónìí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí àwọn ẹbí mìíràn.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹ̀dọ̀. Iṣan tó ń ti ìfun bọ̀ ló ń gbé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Èyí tó ń ti ọkàn bọ̀ ń gbé ìyókù, òun sì ni jẹjẹrẹ ń jẹ lára rẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè tú oògùn bíi doxorubicin síbẹ̀, kí wọ́n dí i, kí ẹ̀dọ̀ tó kù má sì kú. Ìwádìí méjì lọ́dún 2002, ọ̀kan ní Barcelona, èkejì ní Hong Kong, fi hàn pé ìtọ́jú yìí ń fi kún ọjọ́ ayé àwọn aláìsàn tí a bá fara balẹ̀ yàn. Kì í sábà wò ó tán pátápátá.

Ibà àkọ́kọ́, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún, èébì àti àárẹ̀, wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé ìtọ́jú náà, wọ́n sì máa ń rọlẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó lọ tó tún padà wá pẹ̀lú ìgbọ̀n ló ń bà mí lẹ́rù. Kòkòrò lè ti wọ ibi tó kú nínú ẹ̀dọ̀, kó di ọyún, pàápàá bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀nà òróòro rẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dúró síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀dọ̀, kí wọ́n sì wá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọyún bá wà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á jáde, wọ́n á sì fún un lóògùn apakòkòrò. Ẹ mú ìwé Índíà dání. Dókítà tí kò mọ̀ pé wọ́n dí iṣan lè pè é ní ibà lásán.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ̀gbọ́n fi se àgbo yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ̀dọ̀ ló máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹrù tiẹ̀ sì ti wúwo jù. Ẹ má ra ibuprofen náà, kíndìnrín lè fara gbá a.

Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, tí ikùn ń wú, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó yàgbẹ́ dúdú, kódà lóru, ẹ gbé e lọ.

Bí ara bá ti balẹ̀, kí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún hẹpatáítíìsì B, tó sábà máa ń bí jẹjẹrẹ yìí nílẹ̀ wa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ẹni tí kò bá tíì kó o.