Èrò Tó Fowó Ara Rẹ̀ Dé Ojú Òfurufú

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ní àwọn kan ti fowó ara wọn wọkọ̀ lọ sí ibùdó tó ń yí ayé po lókè sánmà. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ gbuu ni, pé ìjọba nìkan ló ń rán èèyàn lọ síbẹ̀. Èwo la fẹ́ gbà gbọ́? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé ẹni tó sanwó á kàn jókòó bí ẹrù ni?
Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ọmọ yín ló jàre, ṣùgbọ́n ẹ má fi bú baálé yín o, torí kí ọdún 2001 tó dé, kò sẹ́ni tó fowó àpò ara rẹ̀ dé ojú òfurufú rí.

Dennis Tito, olówó ará Amẹ́ríkà kan tó ti ṣe ẹnjiníà rí, ni ẹni àkọ́kọ́. Ẹni 60 ọdún ni nígbà náà. Ìròyìn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ló san. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2001, òun pẹ̀lú àwọn arìnrìn-àjò òfurufú méjì, Talgat Musabayev àti Yuri Baturin, gbéra lọ sí ibùdó náà ní Baikonur, ní Kazakhstan. Ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ni wọ́n padà sílẹ̀.

Báwo ni àyè ṣe ṣí sílẹ̀? Nígbà náà, ọkọ̀ Soyuz ti Rọ́ṣíà kan máa ń so mọ́ ibùdó náà, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lè rí nǹkan sá wọ̀ bí ewu bá dé. Bó bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wọ́n á gbé tuntun wá pààrọ̀ rẹ̀. Ìjókòó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, èèyàn méjì sì tó láti gbé e débẹ̀. Owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ Rọ́ṣíà lásìkò yẹn. Awakọ̀ wo ló máa kúrò ní gáréèjì pẹ̀lú àyè kan lófìfo, nígbà tí èrò ń na owó sí i?

NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ò fara mọ́ ọn rárá. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, nígbà tí Tito àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Houston fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní àwọn ò ní kọ́ ọ. Musabayev náà fárígá: bí wọn ò bá kọ́ Tito, ẹnikẹ́ni nínú àwọn ò ní kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, Tito fọwọ́ sí ìwé pé ohunkóhun tóun bá bàjẹ́ lókè, òun á san án, òun ò sì ní wọ apá Amẹ́ríkà láìsí ẹni tó ń mú òun kiri. Èmi ò dá NASA lẹ́bi tán o. Ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ni ibùdó náà nígbà yẹn; àlejò tó bá fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ lè kó gbogbo wọn sí wàhálà.

Ní ti jíjókòó bí ẹrù, ó tì. Ní Star City, nítòsí Moscow, wọ́n á kọ́ èrò bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ òfurufú, àti ohun tó máa ṣe bí iná bá sọ tàbí bí afẹ́fẹ́ bá ń jò. Kódà, á jókòó sínú P.O.P. tútù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, títí yóò fi gan tó sì gba bátànì ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìjókòó tirẹ̀. Ìdí ni pé páráṣúùtì ló ń gbé ọkọ̀ náà bọ̀, àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké á tún yìn nígbà tó bá ku díẹ̀ kó kanlẹ̀, síbẹ̀ gbì ló máa ń balẹ̀.

Owó nìkan ò sì tó. Ní 2006, Daisuke Enomoto, ará Jàpáàn, ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí àwọn dókítà tó ní kò lè lọ mọ́. Anousheh Ansari, obìnrin tí wọ́n bí ní Ìráànì, tí wọ́n ti ń kọ́ sílẹ̀ bí adípò rẹ̀, ló lọ.

Tito ò wa ọkọ̀. Ó ya fọ́tò, ó gbọ́ orin ọ́pẹ́rà, ó wo ayé láti ojú fèrèsé. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní 2002, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ṣe iṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀, títí kan èyí tó jẹ mọ́ àrùn éèdì. Lójú tèmi, òun ló jẹ owó rẹ̀ gbádùn jù.

Bí ọmọ bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ibùdó náà, ó ń kọjá lórí ilẹ̀ wa, ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè. Ẹ mú un jáde kété lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí ní ìdájí kó tó yọ. Ẹ óò rí i tó ń rìn lọ, tó mọ́lẹ̀ ju ìràwọ̀ lọ, tí kì í ṣẹ́jú bí iná báàlù. Kò gba awò. NASA ń gbé àkókò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, torí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó jáde.