Ọmọdébìnrin Ilé Náámánì: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìgbàgbọ́ Tí Ènìyàn Ń Rí Lára Wa

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba, orí 5

Ní àkókò àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́, a sábà máa ń ka iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí wọ́n ti di dókítà, adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó yẹ kí a dúpẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan jinlẹ̀ ju èyí lọ: àwọn tí wọ́n ń bá wa gbé, tí wọ́n sì ń bá wa ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n ti rí kọ́ nípa Ọlọ́run lára wa?

Èkínní: Ẹni tí kò ní ipò

Balógun Síríà ni Náámánì, akọni ni, ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni. Ọmọdébìnrin kan wà nínú ilé rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun kó ní ìgbèkùn láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Bíbélì kò sọ orúkọ ọmọ náà fún wa. Kò ní àga ìwàásù, ẹnikẹ́ni kò sì yàn án sí ipò kankan. Ohun tí ó sọ fún ìyá ilé kò ju gbólóhùn kan lọ: ó wù ú kí ọ̀gá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wòlíì tí ó wà ní Samáríà, nítorí pé yóò rí ìwòsàn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a kó lẹ́rú yìí dé etí balógun, ó dé etí ọba, ọba sì kọ ìwé lé e lórí. Kí ló dé tí wọ́n fi gbà á gbọ́? Bíbélì kò sọ ọ́ ní tààrà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ní ọmọ ọ̀dọ̀ rí lè dáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà a máa jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ, tàbí kí ó máa purọ́ lórí àwo tí ó fọ́, ta ni ìbá tẹ́tí sí i nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ wòlíì? Ìwà rẹ̀ ti ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé etí wọn.

Èkejì: Ẹni tí ó sún mọ́ pẹpẹ

Nínú orí kan náà ni a ti rí Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà. Ojúmọ́ kan kò mọ́ kí ó má rí wòlíì. Nígbà tí Èlíṣà kọ ẹ̀bùn tí Náámánì mú wá, Géhásì sáré tẹ̀lé àlejò náà, ó ní ọ̀gá òun ni ó rán òun, ó sì gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì. A mọ ìyà tí ó jẹ Géhásì. Ohun tí a kì í sábà rò ni ti Náámánì: ó ń lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ènìyàn Ọlọ́run ti yí ọkàn padà lórí ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ̀kẹta: Gààrí ọmọ kíláàsì kìíní

A kò lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí kí a má sọ ti ara wa. Nígbà tí a wà ní kíláàsì àṣekágbá, àwa ni olórí yàrá kan ní ilé-ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwa ni a sì máa ń darí àdúrà alẹ́. Ọmọ kíláàsì kìíní kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ di gààrí àti ṣúgà fún, èyí tí yóò máa lò títí di ọjọ́ ìbẹ̀wò. A gba ìdajì rẹ̀, a sì pè é ní ẹ̀tọ́ àgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a gbàdúrà bí ìṣe wa.

A ti gbàgbé ọ̀ràn náà pátápátá. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun sún mọ́ wa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ má bínú o, bí mo bá ti gbọ́ pé ẹ ń wàásù, gààrí mi ni mo máa ń rántí.” Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. A mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ebi pa mí gan-an ní táàmù yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti tán.”

Ẹ̀kẹrin: Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní ọdún 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ọmọ náà ti di àlùfáà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò ṣe ìrìbọmi títí di ọdún 1848, nígbà tí a fún un ní orúkọ Hánà, ìyá wòlíì Sámúẹ́lì. Láàrin ìgbà méjèèjì, ìyá ní àyè láti wo ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Àwọn ọmọ wa náà ń wò wá. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, tí a ní kí ọmọ sọ pé a kò sí nílé, a ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan. Bí a bá sanwó kí wọ́n lè bá a kọ ìdánwò, tí a sì tún mú un lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí èsì jáde, ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń san kò lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá rí i tí bàbá rẹ̀ dá ṣéńjì tí ó lé padà fún alátẹ, tàbí tí ìyá rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ó ti gbọ́ ìwàásù tí kò ní gbàgbé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Ta ni ó wà lábẹ́ àṣẹ wa tí kò lè dá wa lóhùn? Kí ni yóò sọ nípa ìgbàgbọ́ wa bí a bá bi í?
2. Kí ni ọmọdébìnrin náà ní tí Géhásì kò ní?
3. Ǹjẹ́ gààrí ẹnìkan wà lọ́rùn wa? Báwo ni a ṣe lè ṣe àtúnṣe kí àjọ̀dún yìí tó parí?

Kí Olúwa fún wa ní ìwà tí yóò jẹ́rìí sí àdúrà wa. Àmín.