Fabrice Muamba: Ọkàn Padà, Bọ́ọ̀lù Ò Padà

Ẹ̀yin ará, ẹ ka Jákọ́bù 4:13-15 kí a tó máa bọ̀.

Ọmọ Kinshasa ni Fabrice Muamba. Ọdún 1999 ló dé Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Arsenal ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù. Ó kọjá sí Birmingham City, Bolton sì rà á ní 2008. Ìgbà 33 ló gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù àárín tí a máa ń pariwo orúkọ rẹ̀ nílé ìwòran. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sáré, kó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, kó gbé e fún ẹlòmíì. Èmi fẹ́ràn irú wọn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2012, Bolton ń bá Tottenham gbá ìdíje Ife FA ní White Hart Lane. Ìdajì àkọ́kọ́ kò tíì parí tí Muamba fi ṣubú. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, ó sì di ìṣẹ́jú 78 kó tó tún máa lù fúnra rẹ̀. Andrew Deaner, dókítà ọkàn tó wá wòran, sáré wọ pápá, ó bá àwọn dókítà ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìgbà 15 ni wọ́n fi ẹ̀rọ oníná ta ọkàn náà. Lọ́jọ́ kejì, Gary Cahill gbá góòlù wọlé fún Chelsea, ó ṣí ẹ̀wù rẹ̀ sókè: ohun tó kọ sí ti inú ni pé kí a gbàdúrà fún Muamba.

Ibí ni ẹ̀rí wa sábà máa ń parí sí: a gbàdúrà, ó jí, ògo ni f'Ólúwa. Ẹ dúró ná. Muamba ń fẹ́ padà sórí pápá. Ó lọ rí dókítà ọkàn ní Bẹ́ljíọ̀mù, ohun tó gbọ́ níbẹ̀ kọ́ ló ń retí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ọmọ ọdún 24 péré. Onígbàgbọ́ ni, ó sì ti dúpẹ́ ẹ̀mí rẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀mí, ó rí i gbà. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ́, kò rí i gbà padà.

Ẹ jọ sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ yín: kí la máa ń sọ fún arákùnrin tí Ọlọ́run wò sàn, tí kò sì lè padà sídìí ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀? Àbí ṣe la máa ń dákẹ́, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ kò pé tó?

Yunifásítì Staffordshire ni Muamba gbà lọ. Ní 2015, ó gboyè nínú iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá, ní èdè tí kò gbọ́ dáadáa nígbà tó dé.