Ta Ló Ní Kó O Já Efinrin Nínú Òjò?

Àṣàkẹ́, wá jókòó síbí. Láti àárọ̀ lo ti ń ráhùn pé efinrin inú àgbo rẹ kò ta sánsán. Báwo ni yóò ṣe ta? Ìrọ̀lẹ́ lo já a, nínú òjò oṣù Keje, ewé tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tí omi kún inú rẹ̀ bámú!

Àwọn onímọ̀ kan ní Bràsíl já efinrin, wọ́n yọ òróró rẹ̀, wọ́n wá wo eugenol inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kó rùn bíi kànáfùrù. Lọ́sàn-án gangan, nǹkan bí 98 nínú 100 òróró náà ni eugenol. Nígbà tí aago 5 ìrọ̀lẹ́ lù, ó kù bíi 11. Oòrùn ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn o! Báwo wá ni ìyàtọ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò yóò mú wá yóò ṣe pọ̀ tó? (Tiwa nílẹ̀ yìí, thymol ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú òróró rẹ̀, má lọ máa bá mi jiyàn.)

Ìwọ náà ṣáà ń fọ ewúro. Ti ẹ̀ẹ̀rùn, o máa ń fún un títí tí ìfófòó rẹ̀ á fi kún abọ́, síbẹ̀ ojú rẹ á ṣì rọ́ tó o bá tọ́ ọ wò. Ti òjò ńkọ́? Kíá ló ti rọ̀. Nítorí kòkòrò àti ẹran ni ewé ṣe ń korò, kì í ṣe nítorí tiwa; bó bá ń yára hù nínú omi, omi a bo ìkorò náà mọ́lẹ̀.

Tu Youyou ará Ṣáínà, obìnrin bíi tiwa, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015, kò fi àkókò tí wọ́n ń já ewé ṣeré. Inú ewé Artemisia annua ló ti rí oògùn ibà, kó tó tanná sì lewé ọ̀hún lágbára jù. Ẹni tó dúró dìgbà tó tanná tán, koríko ló kó délé.

O wá ń fi ife kan náà wọn àgbo fún ọmọ ọdún 2, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o! Èyí tó rọ̀ lónìí lè le koko lóṣù Kejì.

Bí ara ọmọ náà bá tún gbóná lálẹ́ yìí, má gbé ìkòkò kaná. Gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Owó ọkọ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Má wò mí bẹ́ẹ̀, dìde!